Bí A Ṣe Ń Fi Fọ́tò Mọ Kantíkantí Tó Ń Jẹni: Ìyẹ́ Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Wò

Ní Ìwàyá, ní Èkó, tí mò ń gbé, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà bá ti dákẹ́ nírọ̀lẹ́, ẹ ó máa gbọ́ "pà! pà!" lórí ẹsẹ̀ àti ọrùn àwọn tó jókòó síta. Ẹni tó gbá a kì í rí ju àmì dúdú kékeré kan lọ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Wọn á ní "kantíkantí ni", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń fò lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù lórí àtẹ náà ń jẹ́ kantíkantí. Èyí tó bà sára ògiri balùwẹ̀, kantíkantí. Èyí tó ń rọ́ yí gílóòbù iná ká lálẹ́, kantíkantí. Orúkọ kan ṣoṣo la fi bo kòkòrò bíi mẹ́fà mọ́lẹ̀, díẹ̀ péré nínú wọn ló sì ń mu ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Bárígà ra oògùn apakòkòrò fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ kún fún ojú jíjẹ, ó rí kòkòrò kéékèèké lára ògiri balùwẹ̀, ó sì gbà pé àwọn ni. Alaalẹ́ ló ń fín balùwẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i, mo fi fóònù ya ọ̀kan nínú wọn. Irun bò ó láti orí dé ìdí, ìyẹ́ rẹ̀ sì rí bí ewé tí wọ́n dà bo ẹ̀yìn rẹ̀. Kòkòrò inú ihò omi ni, kò ní ẹnu tó lè fi gé ara ènìyàn. Èyí tó ń jẹ àwọn ọmọ ń gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn wọlé láti ibi ẹrẹ̀ etí ọ̀sà, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Oṣù mẹ́ta ni àwọn ọmọ yẹn fi jìyà nítorí pé kò sẹ́ni tó wo ìyẹ́ kòkòrò kan.

Láti ìgbà náà ni àwọn aládùúgbò ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni n kò lè rí nǹkan kan sọ sí, torí pé ojú ibi tó ti jẹ wọ́n ni wọ́n yà. Ojú jíjẹ kì í sọ ẹni tó jẹni. Ara ọmọ kan lè wú bí ẹ̀wà, kí ti ẹni tí wọ́n jọ sùn lórí ẹní kan náà má ju àmì pupa lọ. Kòkòrò fúnra rẹ̀ la nílò, ní odindi, kí ìyẹ́ rẹ̀ má tíì fọ́. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí yìí, láti orí mímú un títí dórí kíka fọ́tò rẹ̀.

Ẹni tí à ń wá

Ẹbí kòkòrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ceratopogonidae. Nínú ẹbí náà, ìdílé tó ń yọ wá lẹ́nu jù ni Culicoides (òun ni mo ń pè ní kantíkantí láti ibí lọ), irú tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ní gbogbo ayé sì lé ní 1,300. Ara rẹ̀ kì í ju mìlímítà 1 sí 3 lọ, ọ̀pọ̀ kì í tilẹ̀ pé 2. Abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, torí ẹyin tó fẹ́ yé. Ẹ̀fọn ń fi ẹnu rẹ̀ gún ara bí abẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n abo Culicoides ń fi ẹnu kúkúrú tó ní eyín wẹ́wẹ́ gé awọ ara, á wá máa mu ẹ̀jẹ̀ tó bá sun jáde sójú ọgbẹ́ náà. Ìdí nìyí tí kòkòrò tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí fi ń ta ni bí iná.

Ẹrẹ̀ ni ìyá rẹ̀. Ẹrẹ̀ etí ọ̀sà, abẹ́ àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ń yọ sókè omi, ìgbẹ́ màlúù tó rin, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gé tó ń jẹrà: ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Ẹni tó bá mọ etí omi láti Mákòkó dé Ìwàyá títí lọ sí Ọ̀wọ́rọ̀nṣókí mọ̀ pé kò sí ohun tó wọ́n nínú wọn níbẹ̀.

Kantíkantí kì í gbé ibà káàkiri, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, oríṣi Culicoides kan ń gbé aràn tín-ín-tín-ín tí wọ́n ń pè ní Mansonella perstans láti ara ènìyàn kan sí òmíràn. Lára ẹran ọ̀sìn ni ewu rẹ̀ ti pọ̀ gan-an: òun ló ń gbé àìsàn tí wọ́n ń pè ní bluetongue fún àgùntàn, àti African horse sickness fún ẹṣin. Ẹni tó bá so àgbò Iléyá mọ́ ẹ̀yìn ilé, tàbí tó ń tọ́jú ẹṣin, ní ìdí pàtàkì láti mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú un láìfọ́

Ẹ má gbá a. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, nítorí ọwọ́ a ti lọ kí ọkàn tó rò ó. Ṣùgbọ́n kantíkantí tí a gbá ti di ìyẹ̀fun.

Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì ìkùn tó kéré jù nínú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, kí ẹ sì da sípíríìtì díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó mọ́ gaara. Tí ẹ bá rí i tó bà sí yín lọ́wọ́, ẹ ti ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì bọ sípíríìtì, kí ẹ sì fi kàn án pẹ́ẹ́. Yóò lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ tẹ búrọ́ọ̀ṣì náà bọ inú ìgò, yóò bọ́ sílẹ̀ ní odindi. Tó bá ti ń mu ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, kì í tètè sá; àyè wà. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé kòkòrò tí a mú lórí awọ ara, a ti mọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà fún àwọn tí wọn kò fẹ́ kó jẹ wọn rárá. Lálẹ́, ẹ gbé abọ́ funfun sábẹ́ iná, kí ẹ bu omi sí i, kí ẹ kán ọṣẹ olómi ẹ̀kán kan péré sínú rẹ̀. Ọṣẹ yẹn ni kì í jẹ́ kí kòkòrò lè dúró lójú omi, yóò rì. Ṣùgbọ́n iná ń pe gbogbo ayé: ẹni tó ń jẹni àti ẹni tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ ni yóò jọ wà nínú abọ́ náà. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ohun tí ẹ rí nínú abọ́ ló jẹ ọmọ yín títí ẹ ó fi wo fọ́tò rẹ̀ dáadáa.

Ohun mẹ́ta ló ń ba kòkòrò jẹ́ kí fọ́tò tó bẹ̀rẹ̀. Sẹ́lótéèpù ń fa irun àti ìyẹ́ rẹ̀ ya. Oògùn afínfín ń mú kí ìyẹ́ náà káákò. Pépà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a fi rọra ká a mọ́ra ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Tí ẹ bá ti fi ife oníke bò ó mọ́ ògiri, ẹ ti pépà kọjá lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé ife àti pépà náà sínú fírísà fún bí ìdajì wákàtí, tí iná bá wà. Tí iná kò bá sí, sípíríìtì náà ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: fóònù, lẹ́ńsì àti ìmọ́lẹ̀

Fóònù lásán kò lè ya nǹkan tó kéré tó báyìí. Lẹ́ńsì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù wà ní Computer Village ní Ìkẹjà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ há a mọ́ fóònù yín níbẹ̀ kí ẹ fi ya etí aṣọ tí ẹ wọ̀. Tí ẹ bá lè ka òwú inú ańkárá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dáa. Tó bá jẹ́ àárín fọ́tò nìkan ló mọ́, tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí bí ìkùukùu, ẹ dá a padà. Gíláàsì kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń há sójú náà ṣeé lò: ẹ gbé e síwájú kámẹ́rà, kí ẹ sì dì í mú pẹ̀lú rọ́bà. Àwọn fóònù mìíràn ní kámẹ́rà kékeré tí wọ́n kọ "macro" sí lára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lágbára. Ẹ fi kámẹ́rà ńlá pẹ̀lú lẹ́ńsì ya ọ̀kan, kí ẹ fi ti "macro" ya ọ̀kan, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ní báyìí, ohun tó ń da fọ́tò rú jù ni ọwọ́ gbígbọ̀n. Ẹ to ìwé méjì sọ́tùn-ún, méjì sósì, kí ẹ gbé fóònù dá àárín wọn bí afárá, kí kòkòrò wà nísàlẹ̀. Ẹ lo àkókò ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3 tó wà nínú kámẹ́rà, kí ó jẹ́ pé nígbà tó bá máa ya fọ́tò, ọwọ́ yín kò ní sí lára rẹ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ nǹkan tó báyìí, ibi tó máa mọ́ kedere kò ní nípọn ju awọ àlùbọ́sà lọ: tí ojú bá mọ́, ìyẹ́ á ṣú. Nítorí náà ẹ má wá ọ̀nà láti fi fọ́tò kan rí gbogbo rẹ̀. Ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ ohun tí kòkòrò wà lórí rẹ̀, ẹ yà á, ẹ tún fi òmíràn kún un, ẹ yà á, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé bíi mẹ́wàá. Nínú mẹ́wàá yẹn, ọ̀kan á mú ìyẹ́, ọ̀kan á mú ìwo, ọ̀kan á mú ẹnu.

Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló dáa jù. Oòrùn ọ̀sán gangan ń mú kí ìyẹ́ máa dán bí omi, àmì ara rẹ̀ á sì pòórá. Tí oòrùn bá le, ẹ na ọ̀rá funfun sójú fèrèsé. Iná kámẹ́rà fóònù, ẹ pa á.

Ẹ má fi ìka méjì fa àwòrán tóbi nígbà tí ẹ ń yà á lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ yà á, kí ẹ tó wá gé etí rẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ńtì, kì í ṣe bíi fọ́tò. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́, iṣan inú ìyẹ́ tí ẹ fi gbogbo òwúrọ̀ wá sì ni ohun àkọ́kọ́ tó ń sọnù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fọ́tò mẹ́ta tí kò gbọ́dọ̀ má sí

Ẹ tẹ́ pépà gíráàfù sílẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì fi ń ṣe ìṣirò. Ẹ wá èyí tí àpótí kéékèèké inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1 gééré. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kí ó dá yín lójú. Ẹ gbé kòkòrò lé e. Fọ́tò kìíní ni ti òkè, kí a rí i bó ṣe ká ìyẹ́ rẹ̀ àti iye àpótí tó gbà. Fọ́tò kejì ni ti ẹ̀gbẹ́, kí a rí ẹnu, èjìká àti ẹsẹ̀.

Kòkòrò tó ti kú kì í gbà láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò máa ṣubú. Oògùn rẹ̀ ni sánítáísà tó ki, tó sì mọ́ gaara. Ẹ kán an sórí ike tó mọ́ gaara tí ẹ gé lára páálí bisikíìtì tàbí ìgò omi, ẹ jẹ́ kí hóró afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán, kí ẹ wá fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tẹ kòkòrò bọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe yí i ni yóò ṣe dúró. Àwọn onímọ̀ kòkòrò gan-an ń lo ọgbọ́n yìí.

Fọ́tò kẹta ni ìyẹ́ nìkan, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi kòkòrò sínú ẹ̀kán sípíríìtì, ẹ fi abẹ́rẹ́ kan tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi èkejì yọ ìyẹ́ kan láti ìdí. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ike méjì, kí ẹ gbé e kọjú sí pépà funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń bá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo ba ìyẹ́ mẹ́rin jẹ́ kí n tó rí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìmọ́lẹ̀ la inú ìkarùn-ún kọjá, tí mo rí tótòtó dúdú àti funfun lára rẹ̀ bí aṣọ àdìrẹ tí ẹnìkan fara balẹ̀ ṣe, mo pe gbogbo ará ilé wá wò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kíka fọ́tò

Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe wà níbí, torí pé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń yọ ẹnìkan kúrò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n. Tí ó bá ju àpótí 3 lọ láti orí dé ìdí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kì í ṣe Culicoides.

Lẹ́yìn náà, báwo ló ṣe ká ìyẹ́? Culicoides tó bà síbìkan máa ń tẹ́ ìyẹ́ méjèèjì pẹlẹbẹ lé ẹ̀yìn, ọ̀kan á gun orí èkejì bí ẹnu sísọ́ọ̀sì tí a pa dé. Kòkòrò ihò balùwẹ̀ ń tẹ́ tirẹ̀ bí òrùlé ilé tàbí bí ewé, irun sì bò ó. Kòkòrò onírun kékeré kan tún wà, ìbátan ti balùwẹ̀ náà, tó ń gbé ìyẹ́ méjèèjì sókè bíi lẹ́tà V. Òun náà ń mu ẹ̀jẹ̀, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Phlebotominae. Òyìnbó a máa pe òun àti kantíkantí tiwa ní "sandfly" pa pọ̀, nítorí náà tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé "sandfly ni", ẹ bi í pé èwo nínú wọn. Ìyẹ́ tó dúró bíi V kò lè jẹ́ ti Culicoides.

Ọ̀rọ̀ tótòtó ló kàn. Ọ̀pọ̀ Culicoides ní àmì dúdú àti àmì funfun lára ìyẹ́. Inú awọ ìyẹ́ gan-an ni àwọ̀ náà wà, kì í ṣe ìpẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn bíi ti ẹ̀fọn. Bí àmì wọ̀nyí ṣe tò yàtọ̀ láti oríṣi kan sí èkejì, òun sì ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Àwọn kan wà tí ìyẹ́ wọn kò ní àmì kankan. Ọ̀kan nínú ti Áfíríkà ń jẹ́ Culicoides inornatipennis, ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Látìn ni pé ìyẹ́ rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́. Tí ẹ kò bá rí tótòtó, ẹ má tíì dá a láre.

Ibi tí a ó ti mọ òótọ́ ni iṣan ìyẹ́. Ẹ wo etí iwájú rẹ̀, èyí tó le, tó nípọn. Lára Culicoides, iṣan tó gba etí náà kì í dé ṣóńṣó. Ó máa ń tán nígbà tó bá kọjá ìdajì ìyẹ́ díẹ̀. Lábẹ́ ibi tó ti tán náà, ẹ ó rí yàrá kékeré méjì (àyè tí iṣan yí ká) tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ tún wá iṣan àárín: ó máa ń pín sí méjì bí ẹ̀ka igi, ẹ̀ka méjèèjì á sì dé etí ìyẹ́. Àmì mẹ́ta yìí, yàrá méjì, iṣan etí tó tán ní àárín, àti iṣan àárín tó pín, kò sí ìgbà tí mo rí wọn pa pọ̀ lára kòkòrò mìlímítà méjì tí ọkàn mi kì í balẹ̀.

Àwọn tó ń rọ́ yí iná ká ní etí ọ̀sà, tí wọ́n máa ń kú jọ sábẹ́ gílóòbù títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹbí Chironomidae ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n jọ ẹ̀fọn, wọ́n sì jọ kantíkantí, gbogbo ènìyàn ń bú wọn, wọn kì í sì í jẹ ẹnikẹ́ni. Iṣan etí ìyẹ́ tiwọn ń dé ṣóńṣó tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀, iṣan àárín wọn kì í pín, ìyẹ́ wọn kì í gun ara wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í gùn tó ikùn. Ẹsẹ̀ iwájú wọn gùn, wọ́n sì máa ń nà án síwájú sókè bí ẹni tó ń ṣàdúrà. Culicoides kì í gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè bẹ́ẹ̀. Ọmọ àwọn kan nínú wọn ni kòkòrò pupa bí òwú tí ẹ máa ń rí nínú gọ́tà àti ìsàlẹ̀ táńkì. Ó dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ń da oògùn lé wọn lórí.

Ẹ wo ẹnu nínú fọ́tò ẹ̀gbẹ́. Ti ẹ̀fọn gùn ju orí rẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀. Ti Culicoides kò gùn ju orí lọ, ó kọ sísàlẹ̀. Ti Chironomidae kò ní nǹkan tó lè gé ara.

Ìwo orí rẹ̀ ń sọ akọ àti abo. Ti akọ kún fún irun gígùn bí ìyẹ́ adìyẹ; ti abo tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, irun rẹ̀ kò pọ̀. Tí ẹ bá rí onírun, akọ ni, kò jẹ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè jẹ́ ọkọ ẹni tó jẹ yín. Tí ìwo náà bá kúrú, tó ki, tí kò ní irun, tí èjìká kòkòrò sì wú bí iké, ti etí odò tó ń ṣàn gììrì lórí àpáta nìyẹn, Simulium tó ń gbé àìsàn ìfọ́jú. Ọ̀sà Èkó kì í ṣàn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà tí ẹ bá rí i nínú fọ́tò, ẹ bi ẹni tó yà á ibi tó ti wá.

Kòkòrò orí èso kò le rárá: ojú pupa, ara tó rọ̀gbọ̀dọ̀, ìwo kúkúrú. Ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Ikùn ni mo máa ń wò kẹ́yìn. Abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀, ikùn rẹ̀ á pọ́n, á sì wú. Abo tó ti yé ẹyin rí máa ń ní àwọ̀ pupa bí ọtí wáìnì nínú awọ ikùn kódà nígbà tí kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Onímọ̀ kòkòrò kan tó ń jẹ́ Dyce ló ṣàlàyé àmì yìí lọ́dún 1969. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ó ti mu ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan ṣáájú tiyín. Fún àwọn tó ń wá ọ̀nà tí àìsàn ń gbà rìn láàárín ẹran, àmì kékeré yẹn níye lórí gan-an.

Ibi tó yẹ kí ẹ dúró

Fóònù àti lẹ́ńsì lè gbé yín dé orúkọ ìdílé, ìyẹn Culicoides, kí ẹ sì fọwọ́ sọ̀yà. Kí ẹ sọ oríṣi gan-an, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Culicoides imicola tó ń da ẹran láàmú ní Áfíríkà ní àwọn ìbátan tí ìyẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà, ẹni tó bá fẹ́ yà wọ́n gbọ́dọ̀ tú wọn sábẹ́ maikirosíkóòpù. Àwọn ohun èlò orí fóònù bíi Google Lens àti iNaturalist á dárúkọ oríṣi fún yín láìjáfara. Ẹ gba orúkọ ẹbí lọ́wọ́ wọn, kí ẹ fi iṣan ìyẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Gbogbo Ceratopogonidae kọ́ ló tún jẹ́ ọ̀tá. Forcipomyia wà nínú ẹbí yìí kan náà, òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti òdòdó kòkó kan sí òmíràn kí kòkó tó lè so. Kòkó tó kọ́ ilé àwọn bàbá wa, kòkòrò tó kéré báyìí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ara rẹ̀ onírun púpọ̀ ni, tí ẹ bá fi ìmọ́lẹ̀ tàn án láti ẹ̀gbẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ jìnnà ju èyí lọ kò dá nìkan wà. Láti àwọn ọdún 1970 ni O. O. Dipeolu ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí Culicoides ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní Èkó níbí, Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ẹranko àti kòkòrò, etí ọ̀sà gan-an ló sì wà.

Kí ni mímọ̀ yìí wúlò fún nínú ilé? Tí fọ́tò bá fi hàn pé ti ihò omi ni, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìdọ̀tí yíyọ̀ inú ihò náà kúrò, kí ẹ da omi gbígbóná sí i. Oògùn afínfín kò dé ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Tó bá jẹ́ Chironomidae, ẹ pa iná ìta. Tó bá jẹ́ Culicoides, ẹ rántí pé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò tó, ihò rẹ̀ lé ní mìlímítà kan, kantíkantí á gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wá nẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ kéré sí i. Ẹ gbé fáànù sí ìdí ibi tí ẹ jókòó sí, nítorí pé kò lágbára láti fò nínú afẹ́fẹ́ tó bá ti yára ju mítà 3 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé àgbò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá, kí ẹ sì máa kó ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ ìkẹyìn kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ má da kòkòrò náà nù lẹ́yìn fọ́tò. Ẹ fi í sínú ìgò sípíríìtì, kí ẹ gé pépà kékeré kan, kí ẹ kọ ọjọ́, aago, àdúgbò, àti bóyá orí awọ ara tàbí abẹ́ iná lẹ ti mú un, kí ẹ sì ti pépà náà bọ inú ìgò pẹ̀lú rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ní alẹ́ kan mo fi báírò kọ mẹ́fà, nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, sípíríìtì ti fọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà dà nù, mo sì ní ìgò mẹ́fà tí n kò mọ èyí tó ti Ìwàyá wá nínú wọn.